Iná Ń Wá Ọ̀nà Ilé

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Paysandú.
Oṣù keje nìyí, oṣù òtútù wọn,
ìrì ti gan sára gíláàsì Mọ́ríìsì.
Bàbá àgbà mi, Anselmo, wọlé sídìí ọkọ̀,
ó tẹ bọ́tìnnì.
Kọ́.
Ó tún un tẹ̀.
Kọ́.
Bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti kó kúrò.

Ọkọ̀ yìí dàgbà ju ìyá mi lọ.
Òun ló gbé ìyá àgbà lọ ilé ìgbẹ̀bí,
òun náà ló sìn ín dé itẹ́.
Lọ́dún tó kọjá Bàbá tú u palẹ̀ pátá,
ó kun irin abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dà dúdú,
ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé,
ẹ̀ẹ̀mẹta ló kùn ún,
nítorí ìpáàrà kì í kágò kó tó wọlé.

Lánàá ó ní bátìrì ni. Ó ra tuntun.
Kọ́.
Ó ní sítátà ni. Ó tú u, ó nù ún, ó dá a padà.
Kọ́.
Láàárọ̀ yìí ó fa ṣóòkì, ó tẹ bọ́tìnnì, kò tètè fi sílẹ̀,
àfi igbe!
Ṣóòkì ti gbóná bí áyọ́ọ̀nù.

Mo sáré ré títì kọjá, mo lọ jí Delmira,
ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún tún wáyà tẹlifóònù so.
Ó wọ sílípáàsì dé, fílásíkì máté lábẹ́ abíyá,
kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Ó ní, "Tan iná iwájú. Ó yá, tẹ̀ ẹ́."
Kọ́.
Iná iwájú kò ṣẹ́jú.
"Bátìrì ò jẹ ọ́ lówó, Anselmo.
Níbo lo ti fọwọ́ jóná?"
Bàbá na ìka sí i.
Ó fa máté, ó gbé e mì.

"Iná kì í rin ìrìn àìpadàbọ̀.
Ibi tó ti jáde ló ń padà sí.
Bí o bá dí títì mọ́ ọn,
á gba ẹ̀yìnkùlé.
Wáyà ṣóòkì tín-ín-rín yìí ló fẹ́ gbà délé,
bí agbo màlúù tó ń fún ara wọn
gba ẹnu ilé adìyẹ."

Ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀, mo di tọ́ọ̀ṣì mú.
Òwú bàbà tí wọ́n hun bí irun dídì
so ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣaasí; okùn ilẹ̀ ni wọ́n ń pè é.
Bàbá dè é le dáadáa.
Orí ọ̀dà ló dè é mọ́.
"Mú ọ̀bẹ wá."
Bàbá kọjú sí odò.
Ọ̀bẹ ń ha irin, kò yẹ̀ kó mọ̀,
ejìká rẹ̀ ń gbọ̀n sí gbogbo híha kọ̀ọ̀kan,
títí irin funfun fi yọ,
kò tó owó ẹyọ kan.

Sítátà yí! Ó yí, ó yí, ó ń ké,
ẹ́ńjìnnì kò dáhùn.
Delmira kò tíì gbọn eruku orúnkún,
ó ṣí ọmọrí dísítíríbútọ̀,
ó ya etí páálí ìṣáná, ó fi nu àárín kọ́ńtáàtì.
Páálí jáde dúdú. Ó ya òmíràn.
Ẹnu tó bá pẹ́ ní pípadé kì í ṣaláì rùn.
Ó fa wáyà pílọ́ọ̀gì súnmọ́ irin: tá!
Àwọ̀ aró, kì í ṣe pupa.
Ẹ́ńjìnnì wúkọ́,
ó wúkọ́,
ó mí.
Èéfín bo ọgbà, ajá àdúgbò ń gbó.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín.
Ìka tó jóná ló fi bu gírísì,
ó dọ̀bálẹ̀, ó fi pa ojú híha náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́,
bí ẹni ń kun ìpara sí eékún ọmọ.

Delmira ti dé àárín títì.
"Pa iná iwájú, Anselmo," ó pariwo.
"Ilẹ̀ ti mọ́."